Ẹ Má Jẹ́ Kí Àlejò Yín Dé Enugu Kó Má Rí Enugu

 

Ní ọdún tó kọjá, ìyá kan wá láti ilé, ó wá wẹ ọmọ fún ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ogójì ọjọ́ gbáko ni ìyá lò níbí. Ó gbé omi kaná, ó wẹ ọmọ, ó fi òrí pa á lára, ó pọ̀n ọ́n, ó sì ń ro àmàlà fún ìyá ọmọ. Nígbà tó ń padà lọ, a sìn ín dé ibùdókọ̀. Ọ̀kan nínú wa bi í pé, "Màmá, báwo lẹ ti rí Enugu sí?" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ògiri ni mo rí. Ògiri ilé yín, ògiri ilé ìwòsàn, àti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní òkè wà níbí, mo ti gbà yín gbọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà délé, ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí oorun kùn wá. Òkè tí ìyá ń wí yìí, bí ènìyàn bá kàn jáde síta láàárọ̀ tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, yóò rí i bó ṣe nà gbọọrọ bí ẹni tó fi apá gbá ìlú mọ́ra. Ogójì ọjọ́, kò sí ẹni tó mú ìyá jáde kó wò ó.

Ọ̀ràn kejì tún wà tó dùn wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá ọ̀kan nínú wa wà nílé, ọdún mẹ́tàlá ló fi ń sọ pé òun yóò wá wo ibi tí ọmọ òun ń gbé. Bó bá ti fẹ́ dìde, ẹnìkan á sọ fún un pé, "Ìhà ibẹ̀ yẹn kò dára o," bàbá á sì tún jókòó. Ọmọ-ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí fún un ní Enugu níbí. Ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ ni méjì tó kéré jù nínú wọn kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀. Òun kò wọ tiwọn títí tó fi lọ.

Ta ni kí a dá lẹ́bi? Àwa fúnra wa ni. Bí a bá lọ sílé ní Kérésì tàbí ní Iléyá, ohun tí a máa ń ròyìn ni pé ọjà kò tà, owó ilé ti wọ́n, iná kò sí. A kì í ròyìn ìlú. Àwọn ará ilé wá rò pé inú igbó ni a ń gbé, pé a kàn ń wá oúnjẹ kiri níbẹ̀ ni. Àwọn ọmọ wa náà ń gbọ́, wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò sọ nípa ìlú tí wọ́n bí wọn sí. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwé yìí, kí ẹ kà á, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé, kí àlejò tó bá ń bọ̀ lè mọ ohun tí yóò rí, kí ẹ̀yin náà sì mọ ibi tí ẹ ó mú un lọ.

Irú ìlú wo ni Enugu?

Nínú èdè Ìgbò, ìtumọ̀ orúkọ ìlú yìí ni "orí òkè". Ṣùgbọ́n àlejò tó bá dé yóò rí i pé ẹsẹ̀ òkè gan-an ni ìlú wà. Orí òkè lọ́hùn-ún ni àwọn ará Enugu Ngwo tó ni orúkọ náà ń gbé. Ìlú tuntun ló dúró sí ìsàlẹ̀, tó sì gba orúkọ ti òkè.

Enugu kì í ṣe ìlú àtayébáyé bí Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́. Kò sí ọdẹ tó tẹ̀ ẹ́ dó, kò sì ní odi. Èédú ilẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ní ọdún 1909 ni àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti yẹ ilẹ̀ wò rí èédú ní òkè Udi. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní Ogbete. Ní 1916 ojú irin láti Port Harcourt dé ibí, nítorí èédú yìí náà ni wọ́n sì ṣe kọ́ èbúté Port Harcourt. Ní 1917 ìjọba ka Enugu sí ìlú.

Nítorí pé èédú ló bí i, ìlú àlejò ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Awakùsà, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè, oníṣòwò, ibi gbogbo ni wọ́n ti wá, àwọn baba wa sì wà nínú wọn. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò mọ̀. Láti 1929 títí di 1939, Enugu ni ìjọba ti ń ṣe àkóso gbogbo ìgbèríko Gúúsù Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ Ọ̀yọ́, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, Enugu níbí ni ìwé rẹ̀ ń wá. Ìgbà tí wọ́n pín Gúúsù sí méjì ní 1939 ni Ìbàdàn di olú-ìlú ti Ìwọ̀-Oòrùn, tí Enugu sì mú ti Ìlà-Oòrùn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni nílé bá bi yín pé kí lẹ ń ṣe ní ìlú onílùú, ẹ sọ fún un pé ìwé àwọn baba ńlá wa ti dé ibí ṣáájú wa.

Lẹ́yìn èyí Enugu di olú-ìlú Ẹkùn Ìlà-Oòrùn, ó di olú-ìlú Biafra ní 1967, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ sì gbà á ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ó di olú-ìlú ìpínlẹ̀ Anambra àtijọ́ ní 1976. Láti 1991 ni ó ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọn yóò gbà

Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta yóò gba Ọ̀rẹ̀ àti Benin dé Asaba. Níbẹ̀ ni yóò ti rí Odò Ọya. Ẹ sọ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n jí, kí wọ́n wo odò náà dáadáa, nítorí Ọya tí wọ́n ń gbọ́ nínú ìtàn Ṣàngó, òun ni odò yìí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lédè wa. Afárá méjì ló wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Wọ́n parí ti àkọ́kọ́ ní 1965, wọ́n sì ṣí èkejì ní 2023. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá Onitsha àti Awka, kò pẹ́ tí yóò fi dé 9th Mile.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Kàbà, Àkókó tàbí apá kan Èkìtì lè gba Okene, kó kọjá Ajaokuta àti Itobe, kó gba Anyigba bọ́ sí Nsukka, kó tó já sí 9th Mile. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ìrìn jíjìn lè wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó. Bí wákàtí kan ni, pápá ọkọ̀ òfuurufú wa sì wà ní Emene, kò jìnnà sí ìlú.

Ọ̀nà yòówù tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ní ìdájí, kí ilẹ̀ má ṣú bá wọn lọ́nà. Kí wọ́n sì fi orúkọ ibùdókọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ ránṣẹ́ sí yín kí wọ́n tó gbéra. Ẹ̀yin tí ẹ ń retí wọn, ẹ má jẹ́ kí àlejò yín dá nìkan dúró ní ibùdókọ̀. Ẹ lọ pàdé rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni a bẹ̀ ẹ́: kí àlejò má ṣe sùn láti 9th Mile wọ ìlú. Ọ̀nà náà ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, lójijì ni gbogbo ìlú yóò ṣí sílẹ̀ nísàlẹ̀, òrùlé lórí òrùlé, títí dé ibi tí ojú lè wò dé. Ẹni tó bá rí i ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, kò ní í gbàgbé.

Àsìkò tó dára jù ni láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, nígbà tí òjò ti dá, tí ọyẹ́ sì mú kí òwúrọ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ọ̀sẹ̀ Kérésì. Àkókò náà ni àwọn ọmọ Ìgbò láti gbogbo ayé ń padà wálé, owó ọkọ̀ á lọ sókè, ọ̀nà á sì kún. Ẹni tó bá lè wá ní oṣù kọkànlá tàbí lẹ́yìn ọdún tuntun yóò gbádùn rẹ̀ ju ti ọdún lọ.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: ìsàlẹ̀ ìlú

Ẹ jẹ́ kó sinmi lálẹ́ ọjọ́ tó dé. Ní ọjọ́ kejì, ẹ mú un lọ sí ọjà Ogbete láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ má sọ pé ọjà ni gbogbo ọjà. Ìyá tó bá ti ná ọjà Bodija tàbí Ọjàọba yóò fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń ná ti ibí, ẹ ó sì rí i pé láìgbọ́ èdè, yóò ti máa bá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ dúnàádúrà pẹ̀lú ìka ọwọ́. Kò jìnnà síbẹ̀ ni kàtídírà Holy Ghost ti àwọn Kátólíìkì wà, àti ibùdó rélùwéè àtijọ́ tó jẹ́ pé òun ni ẹnu ọ̀nà ìlú fún àwọn tó kọ́kọ́ wá. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Coal Camp, níbi tí àwọn awakùsà ń gbé nígbà kan, ti di ibi àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Orúkọ nìkan ló kù nínú èédú ibẹ̀.

Láti ibẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọ̀nà Iva Valley. Kì í ṣe ibi ìgbádùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá sí Enugu tí kò bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ kò tíì mọ Enugu. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, àwọn awakùsà wà lẹ́nu ìjà owó iṣẹ́ wọn. Àwọn ọlọ́pàá wá láti kó ohun abúgbàù kúrò nínú kùsà, ọ̀gá wọn tó jẹ́ òyìnbó sì yìnbọn, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ènìyàn 21 kú, 51 fara gbọgbẹ́. Kò sí ìbọn lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ apá tó kù, nítorí ó kàn wá. Nígbà tí ìròyìn náà dé Èkó, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tó ti ń bá ara wọn jà pa ìjà tì, wọ́n sì kó ara wọn jọ sí ìgbìmọ̀ kan láti bèèrè ẹ̀tọ́ àwọn tó kú. Ọmọ Yorùbá ni alága ìgbìmọ̀ náà, Dókítà Akinọlá Májà. Ẹ̀jẹ̀ àwọn awakùsà Enugu wà lára ohun tó mú kí òmìnira Nàìjíríà yá. Àwọn kùsà wọ̀nyí ti dákẹ́ báyìí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ inú ihò wọn, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ṣe é fọkàn tán.

Bí ọjọ́ bá ṣì gùn, ẹ yà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀nà Abakaliki. Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìṣọ̀kan ni wọ́n sọ ọ́. Fún ìlú tí ogun jà dé, orúkọ náà tó ìwàásù.

Ọjọ́ kejì: orí òkè

Èyí ni ọjọ́ tí a fẹ́ kí ìyá tó wẹ ọmọ yẹn rí. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tó gba òkè Milliken lọ sí Ngwo. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ́ bí ejò, àfonífojì jíjìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá awakọ̀ tó mọ ọ̀nà náà, tí kì í sáré, kí ẹ sì lọ láàárọ̀ nígbà tí kùrukùru ṣì wà lórí igi. Bí ẹ bá dé òkè, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti fi ìka han àlejò: "Ọ̀hún ni ilé wa. Ọ̀hún ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ." Ẹni tó bá ti rí ilé ọmọ rẹ̀ láti orí òkè, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ ju kí a sọ fún un nígbà ọgọ́rùn-ún lọ.

Ní Ngwo, igbó igi páìnì kan wà tí inú rẹ̀ tutù tó sì dákẹ́, ewé rẹ̀ rọ̀ lẹ́sẹ̀ bí ẹní. Ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀ ni ihò àpáta kan wà tí omi ń já sínú rẹ̀ láti òkè. Ibẹ̀ ń yọ̀, ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ sì gba ọmọ ibẹ̀ kan kó máa ṣíwájú yín. Ẹ bá a pinnu owó kí ẹ tó gbéra.

Láti Ngwo, ẹ tẹ̀síwájú sí 9th Mile lọ jẹ ọ̀kpá. Ẹ̀wà kan ni wọ́n fi ń ṣe é, tí ń so nínú ilẹ̀ bí ẹ̀pà. Wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi epo pupa, ata àti iyọ̀ pò ó pẹ̀lú omi, wọ́n á wé e sínú ewé tàbí ọ̀rá, wọ́n á sè é. Bí àlejò bá bèèrè pé kí ni, ẹ sọ pé àbúrò mọ́ínmọ́ín ni. Gbígbóná ni kó jẹ ẹ́. Ìyá wa kan jẹ ẹyọ kan, kò sọ nǹkan kan, ó sì na ọwọ́ gba èkejì. A mọ̀ pé ó ti fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ kẹta: omi Awhum

Awhum wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Udi. Omi kan ń já níbẹ̀ láti orí àpáta gíga, ihò àpáta sì wà nítòsí. Ìrìn ẹsẹ̀ ni láti ibi tí ọkọ̀ ń dúró, inú odò tí kò jìn ni ẹ ó sì ti rin apá kan rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Ilé àwọn mọ́ńkì Kátólíìkì wà níbẹ̀, ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n léèrè òfin ibẹ̀ kí ẹ tó kọjá. Àgbàlagbà lè jókòó sí ọ̀dọ̀ wọn kó sinmi, kí àwọn ọ̀dọ́ lọ wẹsẹ̀ kí wọ́n padà bọ̀.

Ẹni tí kò bá lè lọ jìnnà, adágún omi Nike wà nítòsí. Níbí a gbọ́dọ̀ kìlọ̀. Àlejò wa kan rí "Abakpa Nike" lára ọkọ̀, ó sì bi wá ta ni Níkẹ̀ẹ́ yìí tó ní ilẹ̀ tó tóbi tó báyìí. Nike kì í ṣe ọmọbìnrin Yorùbá o. Orúkọ àwọn onílẹ̀ ni, àwọn tó ti wà níbẹ̀ kí èédú tó sọ ibí di ìlú.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ àbáchà wò, gbágùúdá tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi epo àti èròjà pò. Ará Èkìtì tó bá wà láàárín yín, ẹ wá fìófìó fún un. Òtílí ni, tí wọ́n máa ń sè pọ̀ mọ́ kókò gbígbẹ. Bàbá ará Èkìtì kan fi ṣíbí sẹ́nu, ó ní, "Ta ló gbé òtílí ìyá mi dé ibí?"

Bí ọjọ́ Sunday bá bọ́ sí i, lẹ́yìn ìsìn ẹ gbé àwọn ọ̀dọ́ lọ sí pápá ìṣeré Nnamdi Azikiwe, bí Rangers bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1970, lẹ́yìn ogun, wọ́n sì gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2016 àti ní 2024. Àwọn àgbà tó ń fẹ́ràn Shooting Stars ti Ìbàdàn kò tíì gbàgbé 1977. Shooting Stars ló gba ife Áfíríkà fún àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè ní 1976. Ní ọdún kejì, Rangers pàdé wọn ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ìgbà méjì ni wọ́n gbá a tí ẹnikẹ́ni kò jẹ góòlù, pẹnáritì ló yà wọ́n, Rangers sì gba ife náà lọ. Ẹ jẹ́ kí bàbá jiyàn náà tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, àwọn ará ibí náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ìwà àlejò

Ẹ kọ́ àlejò yín ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta: "Nnọọ" ni wọ́n fi ń kí ẹni tó dé, "Kedu" ni wọ́n fi ń béèrè àlàáfíà, "Daalụ" ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Ẹni tó bá sọ "Daalụ" fún ìyá tó ń tajà, kódà bí ohùn rẹ̀ kò bá gún, yóò rí i pé ojú ìyá náà yí padà.

Bí àwọn ará àdúgbò bá wá kí àlejò yín tàbí tí ẹ bá mú un lọ kí onílé, wọ́n á gbé obì jáde. Obì tiwọn gan-an ni obì àbàtà wa, gbànja kò tó o fún àdúrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e yí àwọn ọkùnrin ká, ẹ jẹ́ kí àgbà súre sí i ní èdè Ìgbò, nítorí wọ́n ní obì kì í gbọ́ èdè mìíràn. Obìnrin kì í pa á. Ìyá wa tó bá ti máa ń da obì nílé yóò ní sùúrù díẹ̀. Bí ọmọdé aláwàdà kan bá sì pè yín ní "ofe mmanu", ẹ má bínú. Ọbẹ̀ wa tí epo pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń dápàárá. Àwa náà ní tiwa tí a ń pè wọ́n.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí ìlú bí Ukehe tàbí Aku ní ìhà Nsukka ní àkókò ọdún Odo, ẹ bi onílé kí ẹ tó jáde. Odo dà bí egúngún, ará ọ̀run ni wọ́n gbà pé ó ń bẹ̀ wọ́n wò, ó sì ní ibi tí obìnrin àti àlejò kò gbọ́dọ̀ dé. Ọmọ Yorùbá tó mọ orò kò nílò àlàyé púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù

A kò ní tan ará ilé jẹ. Ní oṣù kẹjọ 2021 ni àṣẹ "ẹ jókòó sílé" bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọjà àti ọ̀nà pa ní ọjọ́ Monday ní ilẹ̀ Ìgbò. Ní oṣù kẹfà 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Enugu kéde pé òun ti fòpin sí i. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn wa ni pé kí àlejò má fi Monday rin ìrìn àjò, kó sì bi wá bí ọ̀nà ti rí kó tó gbéra. Àwa tí a ń gbé ibí la mọ̀. Bí ọ̀nà kò bá dára ní ọ̀sẹ̀ kan, a ó sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ pé ó dára, ẹ gbà wá gbọ́ ju ẹni tí kò dé ibí rí lọ.

Ẹ rántí pé àwọn àgbà wa ti wá síbí nígbà tí ẹ̀rù tóbi ju báyìí lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kó àwọn ènìyàn kan wá sí Enugu láti bá Ojukwu sọ̀rọ̀ kí ogun má bàa bẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, ogun ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Wọlé Ṣóyínká wá láti wá ọ̀nà àlàáfíà. Nígbà tó padà, ìjọba tì í mọ́lé títí di 1969. Ṣáájú èyí, ní oṣù keje 1966, Adékúnlé Fájuyì ọmọ Adó-Èkìtì kú ní Ìbàdàn pẹ̀lú Ironsi, àlejò rẹ̀. Títí di òní, àgbà Ìgbò tó bá gbọ́ pé Èkìtì ni ènìyàn ti wá lè dárúkọ Fájuyì kó tó bèèrè orúkọ ẹni náà. Ẹni tó kú pẹ̀lú àlejò rẹ̀ ti san owó ọ̀nà fún wa.

Ìparí ọ̀rọ̀

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí wa rìn jìnnà nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì gbé wọn. Aṣọ tí a ó fi ṣe òkú wọn, ọkọ̀ tí a ó háyà lọ síbi ìsìnkú, owó rẹ̀ ju owó ọkọ̀ ẹni kan láti ilé wá sí Enugu lọ, a kì í sì í ṣaláì rí i san.

Ilé yòówù tó bá ń retí àlejò, kó fi tó akọ̀wé ẹgbẹ́ létí ní ìpàdé. Ẹni tó ní ọkọ̀ nínú wa lè fi ọjọ́ kan sílẹ̀, ẹni tí kò ní lè bá wọn rìn. Àwọn ọmọ tó gbọ́ Ìgbò dáadáa ni kí ẹ fi ṣe ògbufọ̀. Iṣẹ́ náà yóò dùn mọ́ wọn, yóò sì hàn sí ìyá àgbà pé kì í ṣe ọmọ tó sọnù ni wọ́n.

Ìyá tó wẹ ọmọ lọ́dún tó kọjá ń padà bọ̀ ní oṣù tí ń bọ̀. Ọmọ náà ti ń rìn. A ti bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀, a sì ti wá awakọ̀ tí kì í sáré. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó bá dé, ìyá yóò gun òkè Milliken, ọmọ yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì rí ohun tó wà lẹ́yìn ògiri.